Bẹ́ ẹ ṣe lè ráàyè fìwọ̀ pẹja lásìkò Kérésì láìdá wàhálà sílẹ̀ nílé

Ẹni tó bá ń fìwọ̀ pẹja á mọ ohun tí mò ń sọ. Èèyàn á ṣiṣẹ́ l'Ékòó látoṣù kìíní dé oṣù kọkànlá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nírọ̀lẹ́, ọ̀pá ìwọ̀ á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí aláǹtakùn á ti fi ṣelé, a ó ṣáà máa sọ pé ó di Kérésì, ó di Kérésì. Kérésì wá dé báyìí, ẹ délé, ẹ̀ ń gbóòórùn omi látẹnu ọ̀nà, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ẹbí máa wá rántí yín. Màámi ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé àpò ìrẹsì wálé, ìyàwó ń wá ẹni tó máa pa adìyẹ, ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ ṣílé, àbúrò kan fẹ́ gbéyàwó, ìjọ náà ní àwọn ní ètò. Ta ló máa wá ráyè ẹja níbẹ̀?

Ẹpẹ́ nilé tiwa. Ẹni tó bá ti dé ọjà ẹja Olúwo rí mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe máa bí èèyàn síbẹ̀ kómi má wù ú. Èmi ò pẹja tà o, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ìgbádùn lásán ni mo fi ìwọ̀ ṣe. Ọdún mẹ́ta gbáko lèmi àtìyàwó mi fi ń jà lórí ẹ̀ ní gbogbo Kérésì, mo rò pé lílọ tí mò ń lọ ló ń bí i nínú, àfìgbà tó la ẹnu lọ́jọ́ kan tó ní, "Bàbá Ìbùkún, ta ló ní kẹ́ ẹ má lọ? Ṣé ẹ ti sọ aago tẹ́ ẹ máa dé fún mi rí, tẹ́ ẹ wá dé láago ọ̀hún?" Mi ò rí èsì fún un. Látìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣe é padà, ohun tí mò ń ṣe báyìí ni mo fẹ́ kọ síbí. Tó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ lẹ máa ń gùn, tàbí òkè, tàbí bọ́ọ̀lù àwọn bàbá tó ti lé lógójì lẹ máa ń gbá lárààárọ̀, ẹ yọ ẹja kúrò kẹ́ ẹ fi tiyín síbẹ̀.

1. Ẹ kọ ọjọ́ ọdún sílẹ̀ kó tó di oṣù kejìlá

Ìparí oṣù kọkànlá ni mo máa ń ṣe é. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, tàbí bébà lásán, ẹ kọ ọ́ látọjọ́ 22 oṣù kejìlá títí dé ọjọ́ 2 oṣù kìíní. Ọjọ́ 25 àti 26 pẹ̀lú ọjọ́ kìíní ọdún nìjọba yà sọ́tọ̀, tó bá bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè wọ́n sábà máa ń fi ọjọ́ mìíì dípò ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín jẹ, ìsinmi tíjọba fún yín, ẹbí ò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ sí i: ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ti ra aṣọ ẹbí ẹ̀, ìpàdé ẹbí, ọjọ́ táwọn àna ń bọ̀, ìsìn àìsùn ọjọ́ 31.

Ẹ wá gbé e síwájú ìyàwó yín (tàbí ọkọ yín, àwọn obìnrin tó ń dẹ ìwọ̀ náà wà, mo mọ ọ̀kan tó máa ń fi wá ṣẹ̀sín lórí omi). Ẹ má bi í pé ọjọ́ wo lẹ lè lọ o. Ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni pé, "Èwo nínú ọjọ́ wọ̀nyí ni mi ò gbọdọ̀ kúrò nílé rárá?" Ìyàwó mi á fi bírò pupa yí i ká: 24, 25, 26, 27, 31, ọjọ́ kìíní. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ ṣe é àyà mi já, àfi bíi pé ó ti pa gbogbo oṣù rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó dáadáa, 22, 23, 28, 29, 30 àti ọjọ́ kejì oṣù kìíní ṣì wà lófìfo. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko! Tẹ́lẹ̀ tí mò ń yọ́ lọ sódò bí olè, mi ò rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà pẹ̀lú ìjà.

Ẹ má kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà o. Ẹ mú mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ jẹ́ kó jìnnà síra wọn. Mẹ́ta tó kù yẹn lẹ máa sún un sí tí nǹkan bá yí, nǹkan sì máa yí.

2. Ẹ sọ fún Màámi náà

Ibí lọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Tó bá jẹ́ ilé àwọn òbí yín lẹ ti fẹ́ ṣọdún, ìyàwó yín nìkan kọ́ ló ni yín lọ́sẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá jáde láàárọ̀ láìsọ fún ìyá yín, ìyàwó yín ni wọ́n máa bi pé níbo lọkọ ẹ gbà lọ, òun ló máa jẹ́jọ́ ohun tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì délé ẹ ó rí ojú tí wọ́n máa fi wò yín.

Èmi, ọjọ́ tá a bá dé ni mo máa ń sọ ọ́, tí mo bá ti kí wọn tán, tá a ti jẹun.

"Màámi, mo fẹ́ lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún, màá tún lọ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe sílẹ̀?"

"Odò kẹ̀? Ṣé torí kó o lè lọ máa jókòó setí omi la ṣe tà gbogbo nǹkan rán ẹ níwèé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí n ṣe."

Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nílẹ̀. Gílóòbù yàrá ò tàn. Táǹkì omi ń jò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kí Ìyá Alájà kó tó di ọjọ́ ọdún torí wọ́n bínú lọ́dún tó kọjá. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, òun lẹ máa fi ra àyè àtilọ sódò.

3. Ẹ ṣiṣẹ́ ilé lálẹ́ tó ṣáájú

Wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ lò lódò, ẹ lo irú ẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22, èmi ni mo máa ń lọ rọ gáàsì, tí mo bá dé màá fa omi kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù, màá da epo sí jẹnẹrétọ̀, màá tàn án wò bóyá á tàn (torí jẹnẹrétọ̀ mọ ìgbà téèyàn ò sí nílé), màá lọ gba aṣọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ télọ̀, ìyẹn tí télọ̀ bá ti rán an, ẹ̀yin náà mọ télọ̀ oṣù kejìlá. Tó bá jẹ́ adìyẹ ló máa kú lọ́jọ́ kejì, ẹ pa á, ẹ hú u, ẹ gé e sílẹ̀ lálẹ́. Ẹ wo nǹkan tí wọ́n máa fi orúkọ yín pè láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ kẹ́ ẹ sì ti parí ẹ̀, nígbà náà kò sẹ́ni tó máa rí ìdí tí á fi máa wá yín.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ fi ọkọ̀ yín sí ibi tẹ́lòmíì ti lè wà á jáde kẹ́ ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Lọ́dún kan mo fi mọ́tò mi dí ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi lórí omi, gbogbo ilé ò lè jáde lọ ibi ìgbéyàwó. Ẹ má bi mí bó ṣe parí.

4. Irinṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ ekòló inú fíríìjì

Ẹ má ra irinṣẹ́ tuntun lóṣù kejìlá. Owó ń jáde látibi gbogbo, tí wọ́n bá rí ọ̀pá ìwọ̀ tuntun lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ sọ pé bàtà ọmọ ti wọ́n jù, ẹ ti wá ìjà wálé. Okùn ọ̀rá, òjé díẹ̀, kọ́ọ̀kì tó máa léfòó, ọ̀bẹ, pláyà, àkísà, tọ́ọ̀ṣì, ó tó. Ẹpìyà lẹnu kékeré, ìwọ̀ nọ́ńbà 8 tàbí 10 ló bá a mu, kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sì rántí pé bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ nìwọ̀ ń kéré sí i, òdìkejì ohun téèyàn máa rò. Ekòló ló dáa jù fún un, búrẹ́dì tẹ́ ẹ fi omi díẹ̀ pò náà dáa. Àrọ̀ àti ọbọ̀kún lè gbé nọ́ńbà 4 tàbí 2 mì, wọ́n sì fẹ́ràn edé.

Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ lálẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ sórí àga ní pálọ̀. Kò sóhun tó ń múnú bí ẹni tó sùn ní aago kan òru lẹ́yìn tó ti din ẹran tán bíi kí ẹnì kan máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ìbọ̀sẹ̀ kiri nínú yàrá láago márùn-ún ìdájí.

Ìjẹ wá ńkọ́. Mo wa ekòló nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bu iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i, mo wá abọ́ tó ní ìdérí tó dé pinpin, èyí tí mo rí ni abọ́ áísíkíìmù. Mo gbé e sínú fíríìjì kó má bàa kú. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé ohun tó wà nínú abọ́ áísíkíìmù nínú fíríìjì kì í ṣe áísíkíìmù, ọbẹ̀ ni tàbí ata lílọ̀, àmọ́ ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ò tíì mọ ayé. Igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò wọlé. Ìyá ọmọ náà ò jẹ ohunkóhun tó jáde látinú fíríìjì yẹn títí ọdún fi parí, ìyàwó mi fi odindi ọ̀sán kan fọ̀ ọ́. Ìta ni kẹ́ ẹ máa gbé ekòló sí, lábẹ́ igi, nínú korobá tẹ́ ẹ lu ìdérí ẹ̀, á pẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta níbẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ò bá gbẹ. Edé ní tiẹ̀, ẹ lọ rà á láàárọ̀ yẹn.

5. Aago tẹ́ ẹ máa padà dé ni kẹ́ ẹ dá, kì í ṣe aago tẹ́ ẹ máa lọ

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé aago mélòó lẹ jáde. Ẹ lè jáde láago mẹ́rin òru, gbogbo ilé ń sùn, kò kàn wọ́n. Aago tẹ́ ẹ ní ẹ máa wọlé ni wọ́n fi ń ṣètò: ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbé omi wẹ̀ fáwọn ọmọ, ìgbà yẹn ni wọ́n máa sọ fún àlejò pé ó wà nílé. Tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta lẹ ti bà jẹ́ fún wọn.

Oṣù kejìlá dáa fún èyí, torí òru làwọn èèyàn fi ń ṣọdún, ilé kì í jí bọ̀rọ̀ láàárọ̀. Oòrùn náà kì í tètè yọ lápá ọ̀dọ̀ wa lásìkò yẹn, ó máa ń kù díẹ̀ kó tó aago méje. Ilẹ̀ á ti máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ láti bí aago mẹ́fà ààbọ̀, àtìgbà yẹn títí dé bí aago mẹ́sàn-án lẹja máa ń jẹun dáadáa, lẹ́yìn náà oòrùn á mú, ẹja á wọ ìsàlẹ̀ omi lọ, ẹ̀yin náà á wá jókòó máa wo kọ́ọ̀kì. Wákàtí méjì ààbọ̀ yẹn tó. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán, ilé ló ń sá fún.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Tí mo bá rò pé aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni màá délé, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo máa ń sọ nílé. Mo máa ń yí àláàmù fóònù sí aago mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kì í ṣe pé kí n lọ nígbà yẹn o, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn ni, torí okùn á ta kókó, korobá á dànù, bàtà kan á sọnù sínú ẹrẹ̀. Tí mo bá wá dé láago mẹ́wàá, wọ́n á ní "háà, ẹ mà yá lónìí", iye wákàtí kan náà ni mo kúkú lò.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ ni ẹja tó já lọ. Lọ́dún kan, ọjọ́ 26, ọjọ́ tó yẹ kí n má tiẹ̀ jáde rárá, mo sọ fún ìyàwó mi pé aago mẹ́sàn-án ni màá wọlé. Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù ni ọbọ̀kún kan gbé ìwọ̀ mi, ó fà á débi tí ọ̀pá tẹ̀, mo rí ẹ̀yìn ẹ̀ fìrí lójú omi, ó sì já a. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tòótọ́, ta ló máa lọ sílé lẹ́yìn ìyẹn? Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Mo tún ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ìgbà tí mo délé, ó ku díẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán lù, bàbá ìyàwó mi ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ti ń wo fìlà wọn bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́rẹ̀, omi ń kán sórí táìlì tí ìyàwó mi fi àárọ̀ nù. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "O kú iṣẹ́ o, àna mi. Ẹja dà?"

Ẹja ò sí.

Nítorí náà, ẹ sọ òfin kan fún ara yín: tí àláàmù bá ti dún, ìwọ̀ tó wà nínú omi ni ìkẹyìn. Tó bá jáde lófìfo, ẹ ká a. Kẹ́ ẹ sì rántí pé nẹ́tíwọ́kì ò dára ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀sà, ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa pe ilé tẹ́ ẹ bá máa pẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó kúrò létí bèbè, kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an àti orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ wà níbí náà. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ìdájí mìíì wà tí ọyẹ́ àti kùrukùru á bo ojú omi, ẹ ò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú yín, ọkọ̀ onínjìnnì náà ò ní rí yín. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, etí bèbè ni kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má wọ ọkọ̀ títí oòrùn á fi ká a kúrò, bó bá sì gba gbogbo àkókò yín, ó gbà á nìyẹn. NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, máa ń kéde ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ á pọ̀, ẹ máa tẹ́tí sí i lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa wọkọ̀, ẹ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ so ó dáadáa, ìjọba Èkó náà ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Kẹ́ ẹ fi ọtí ọdún sílé.

6. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ dání

Ẹ mú un. Kò séyìí tó ń tu ìyá ọmọ lára tó bíi kó jí láàárọ̀ kó rí i pé ọmọ kan ti dín. Àmọ́ ọjọ́ tọ́mọ bá wà ńbẹ̀, ọjọ́ ọmọ ni, ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀yin ò ní pẹja. Ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo máa ń fún Ìbùkún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, mo sì ń gbádùn àwọn méjì tó kù ní tèmi.

Etí bèbè ni, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ tó, lẹ́yìn ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta sómi. Ẹ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún un, tọmọdé, kì í ṣe ti àgbà tẹ́ ẹ fi okùn dì mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò ni kẹ́ ẹ mú èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà kẹ́ ẹ gbé e sókè, tó bá gòkè dé etí ọmọ tàbí tó fẹ́ bọ́ lórí, ó ti tóbi jù, inú omi lòun á ti máa léfòó tọ́mọ á sì yọ́ bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ fi pláyà tẹ eyín ẹ̀yìn ẹnu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀, ìyẹn eyín kékeré tí kì í jẹ́ kó padà yọ, torí ọwọ́ tàbí etí ẹnì kan ni ìwọ̀ ọmọdé máa kọ́kọ́ gbé, tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, fífà lásán á yọ. Ẹja kan tàbí méjì á bọ́ lọ torí ẹ̀. Kó bọ́.

Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹja mú. Ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹpìyà máa ń gúnni, ti ọbọ̀kún ló wá burú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lósì, tó bá gún ọmọ, ọdún ti parí lọ́jọ́ yẹn. Àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi mú un, ẹ má jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ kan ọbọ̀kún rárá.

Kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ dání ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Púfù-púfù mẹ́rin ò tó ọmọ kan létí omi.

7. Ẹja tẹ́ ẹ bá mú wálé

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé tí mo bá gbé ẹja wálé inú wọn á dùn, ṣé ẹ rí i, mo máa ń da korobá ẹja sí kíṣìnnì níbi tí obìnrin márùn-ún ti ń gé àlùbọ́sà, mo ti ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní, "Ta ló máa ṣe é?" Ẹja ogún, ipẹ́ ogún, ìfun ogún, lórí ìrẹsì àpò kan àti adìyẹ mẹ́fà tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ni mo gbé wálé.

Ní báyìí, etí odò ni mo ti ń há ipẹ́, tí mo ti ń la inú ẹ̀, tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára nílé, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú èédú tiyín. Ẹ má wọ kíṣìnnì. Ẹ yan án fúnra yín pẹ̀lú ata àti òróró díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún wọn nígbà tí gbogbo wọn bá jókòó nírọ̀lẹ́, ìgbà yẹn ti adìyẹ àti ẹran ti sú wọn, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ni Màámi bi mí láìjẹ́ pé mo sọ nǹkan kan pé, "Ọjọ́ wo lo tún ń lọ?"

Tẹ́ ẹ bá ti pa èyí tó tó jẹ, ẹ dá àwọn kékeré padà sómi. Tó bá pọ̀, ẹ fún aládùúgbò, ẹ fún Ìyá Alájà tó ń bínú yẹn.

8. Tí nǹkan bá yí

Òkú á ṣẹlẹ̀, oṣù ìnáwó ni. Àlejò tí ò sọ pé òun ń bọ̀ á dé láti Ìbàdàn. Ọmọ á máa gbóná. Lọ́jọ́ tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi odò sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ẹ má mí kanlẹ̀, ẹ má máa wo ojú ọ̀run. Ẹni tó fi odò sílẹ̀ àmọ́ tó ń dijú mọ́ gbogbo ilé, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ òfìfo tẹ́ ẹ ò mú níbẹ̀rẹ̀ yẹn lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, ẹ kàn sọ pé, "Ó dáa, màá sún tèmi sí ọjọ́ 30."

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ní tiẹ̀, ẹ má lọ rárá, bí wọ́n tiẹ̀ gbà fún yín. Ẹ ti ṣe àìsùn, oorun ṣì wà lójú, omi kì í ṣe ibi téèyàn ń tòògbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ètò kan náà ni fún Iléyá, ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà lọ́dún mìíì àárín òjò ló máa bọ́ sí, omi á kún, á máa yára, ewé ojú omi á pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má sì dábàá odò nígbà tí ẹran àgbò ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì pín in tán.

9. Tìyàwó yín ńkọ́?

Wákàtí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ fún un níye kan náà, lọ́jọ́ tó bá fẹ́. Ìyàwó mi, ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa ń lọ, wọ́n á jókòó láti aago méjìlá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wa. Èmi ni mo máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, èmi ni mo máa ń gbé omi fún àlejò. Mi ò ní parọ́, ó le. Àlejò mẹ́jọ dé lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò pa mọ́. Òun náà sọ aago tó máa dé, aago mẹ́rin, ó wọlé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn wò mí, kò sọ nǹkan kan.

10. Kíkó irinṣẹ́ pa mọ́

Tí ìsinmi bá ti parí, ẹ má kàn ju irinṣẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan ọ̀pá àti okùn, ẹ sá a sí ibòòji kó gbẹ, ẹ yọ gbogbo ìwọ̀ kúrò lórí okùn, ẹ kó wọn sínú agolo tó ní ìdérí pẹ̀lú epo díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé agolo náà síbi tọ́wọ́ ọmọ ò ní tó. Ẹ fọ kúlà, ẹ tún un fọ̀. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ àti ekòló tó ṣẹ́kù sẹ́yìn ọgbà. Abọ́ áísíkíìmù yẹn, bẹ́ ẹ bá ti fi kó ekòló pẹ́nrẹ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a padà sí kíṣìnnì, ẹ gbé e sọnù.